Asisat Wá sí Port Harcourt Wá Gbá Bọ́ọ̀lù, Ọmọ Tiwa Wà Níbí A Ní Kó Jókòó

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ òní gùn, ó sì le díẹ̀. Àwa ìyá mẹ́sàn-án àti bàbá mẹ́ta la jọ kọ ọ́. A ò to orúkọ wa sísàlẹ̀ torí a ò fẹ́ kí ayé mọ ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn, àmọ́ ẹni bá fẹ́ mọ̀ wá, kó wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Àga iwájú la máa jókòó sí.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Ní ìpàdé tó kọjá, ẹnì kan nínú wa dìde. Ó ní níbi ọdún wa ìparí ọdún, níbi tí àwọn ọmọkùnrin ti máa ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́dọọdún, ẹ jẹ́ káwọn ọmọbìnrin náà gbá ẹyọ kan. Ẹyọ kan péré o! Ogójì ìṣẹ́jú. Kò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí ẹ̀rín fi bẹ́ sílẹ̀. Bàbá kan ní, "Ẹ̀yin ìyá wọ̀nyí, ṣé ẹ fẹ́ sọ àwọn ọmọ wa di ọkùnrin ni?" Òmíràn ní ọmọbìnrin á jó, ọmọkùnrin á gbá bọ́ọ̀lù, bí àwọn ṣe bá a nílé nìyẹn. Wọ́n pa ọ̀rọ̀ náà tì, wọ́n bọ́ sórí aṣọ ẹbí. Lórí àwọ̀ aṣọ nìkan, a lò ju wákàtí kan lọ.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, a ò bá má kọ̀wé. Àmọ́ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, bàbá kan láàárín wa fi ọ̀bẹ gé bọ́ọ̀tù ọmọ rẹ̀ obìnrin sí wẹ́wẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ra bọ́ọ̀tù náà, òkìrìkà ni, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, owó tí ìyá rẹ̀ ń fún un níbi ẹlùbọ́ tí wọ́n jọ ń tà ló tọ́jú pa mọ́. Láti ìgbà tó ti wà ní púráímárì ló ti ń bá àwọn ọmọ Ìjọ̀ àti ọmọ Ìgbò gbá bọ́ọ̀lù lórí iyanrìn. Kóòṣì kan rí i, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ẹsẹ̀ ọmọ yìí dára, kó mú un wá káwọn wò ó. Bàbá gbọ́, inú bí i, ó di ọ̀bẹ. Láti ọjọ́ náà, ọmọ ń lọ sílé ìwé, ó ń ta ẹlùbọ́, kò ya ìyàkuyà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá a sọ̀rọ̀, "ẹ̀n" ló máa sọ, ó tán. Ọmọ tí gbogbo ojúlé ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀!

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè kan. Lálẹ́ ọjọ́ 26 oṣù Keje, ọdún 2025, níbo la wà? Ẹ jẹ́ ká má purọ́. Iwájú tẹlifíṣọ̀n la wà. Super Falcons ń bá Morocco gbá àṣekágbá ife Áfíríkà ní Rabat, nílé àwọn Morocco gan-an. Wọ́n ti fi góòlù 2 síwájú wa kí wọ́n tó lọ sinmi. Ẹlòmíì nínú wa ti dìde, ó ní òun fẹ́ lọ sùn. Ni wọ́n bá padà wọlé. Wọ́n dá ọ̀kan padà. Ta ló dá ìkejì padà? Folashade Ijamilusi. Nígbà tí ìkẹta wọlé, àwọn aládùúgbò rò pé ilé ń jó ni. 3 sí 2, ife kẹwàá Nàìjíríà. Ta ni balógun ikọ̀? Rasheedat Ajibade, ọmọ Èkó, òun náà ni wọ́n sì mú gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú ìdíje náà. Ìjọba àpapọ̀ ṣèlérí 100,000 dọ́là àti ilé fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Àwọn bàbá wa ń pariwo pé, "Ọmọ wa ni! Ọmọ Yorùbá ni!"

Ọmọ wa, àbí? Ìgbà wo ló di ọmọ wa? Nígbà tó ti gba ife tán ni, àbí nígbà tó ń fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò? Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni ò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Ohun tá à ń ṣe gan-an nìyẹn. Ọmọ ẹlòmíì là ń pàtẹ́wọ́ fún nínú tẹlifíṣọ̀n, tiwa là ń gé bọ́ọ̀tù fún.

Èyí tó wá dùn wá jù ni pé Port Harcourt yìí kan náà là ń gbé. Ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn Asisat Oshoala fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìkòròdú ni wọ́n ti bí i. Àwọn òbí rẹ̀ ò fẹ́ bọ́ọ̀lù rárá, òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ fáwọn oníròyìn, ìyá rẹ̀ àgbà ló dúró tì í. Ó bẹ̀rẹ̀ ní FC Robo l'Ékòó. Ní 2013, ibo ló gbà lọ? Port Harcourt! Rivers Angels, ẹgbẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Rivers, ló wá gbá fún. Ní 2014 tó wà pẹ̀lú wọn, wọ́n gba líìgì Nàìjíríà. Ọdún yẹn náà ló lọ sí Kánádà fún ife àgbáyé àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn ò tíì pé ogún ọdún, ó jẹ góòlù 7, òun ló jẹ góòlù jù, òun ni wọ́n sì mú bí ẹni tó dára jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2015, Liverpool gbà á. Lẹ́yìn náà ló gba ife Champions League pẹ̀lú Barcelona lẹ́ẹ̀mejì, ní 2021 àti 2023. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n ti fi jẹ agbábọ́ọ̀lùbìnrin tó dára jù ní Áfíríkà.

Ẹ tún un rò. Ọmọ Ìkòròdú fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀, ó rìnrìn àjò wá sí ìlú tí àwa ń gbé, torí pé ìlú yìí ní ohun tó ń wá. Àwa tí a ti wà níbí, tó jẹ́ pé owó kéké ló kù tí ọmọ wa máa san, àwa la ní kó jókòó. Ẹni tó ń gbé etídò tó ń fi itọ́ fọ ojú, kí lẹ máa pè é?

Kì í sì í ṣe Asisat nìkan. Mercy Akide, ìlú yìí ni wọ́n ti bí i, ọmọ Rivers ni. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó gbá fún Jegede Babes, ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa. Ó gbá nínú ikọ̀ Nàìjíríà tó dé ìpele kẹta sí àṣekágbá ní ife àgbáyé 1999, tí a bá Brazil wọ̀yá ìjà di àfikún àkókò. Ní 2001, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lùbìnrin tó dára jù ní Áfíríkà lọ́lẹ̀, òun ló gbà á. Ẹ ò rí i? Ọmọ ìlú yìí lọ gbá fún ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá, ọmọ Yorùbá wá gbá fún ẹgbẹ́ ìlú yìí. Bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin ti so wá pọ̀ mọ́ àwọn tó gbà wá sílé tipẹ́tipẹ́. Rivers Angels gba líìgì ní 2014, 2015 àti 2016 tẹ̀lé ara wọn, wọ́n sì lọ ṣojú Nàìjíríà ní Cairo ní 2021, nígbà tí Áfíríkà kọ́kọ́ ṣe Champions League fáwọn obìnrin. Edwin Okon tó ti kọ́ wọn rí náà ló kó Super Falcons lọ sí ife àgbáyé 2015. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ níbí. Ṣé a ò gbọ́ ni?

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ohun tí wọ́n sọ nípàdé.

Wọ́n ní kò bá àṣà wa mu. Àṣà ta ni? Ní oṣù Kejìlá 1921, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lé àwọn obìnrin kúrò lórí pápá gbogbo ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù ò yẹ obìnrin. Nǹkan bí àádọ́ta ọdún ni òfin yẹn fi wà. Bàbá tó dìde nípàdé rò pé ọ̀rọ̀ Odùduwà lòun ń sọ, ọ̀rọ̀ òyìnbó ọdún 1921 ló ń sọ o! Òyìnbó tó sọ ọ́ pàápàá ti dá a padà. Ní 2022, àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ife Yúróòpù ní Wembley lójú èèyàn tó lé ní 87,000. Onílé ti tú ẹrù sílẹ̀, alágbàrù ní òun ò sọ̀. Ní ti àṣà Yorùbá, ìyá wa ń ru ẹrù láti oko dé ọjà, ó ń gún iyán fún ogún èèyàn, ó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù ní Creek Road. Kò sẹ́ni tó sọ pé agbára yẹn ti pọ̀ jù fún obìnrin. Ìgbà tí agbára yẹn bá ti di ayọ̀ tirẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń rántí pé obìnrin ni.

Wọ́n ní ó máa di ọkùnrin, kò ní bímọ. Mercy Akide tá a sọ yẹn, ó lọ́kọ, ó sì bímọ. Kò sí ohun tí bọ́ọ̀lù gbà nínú ìyẹn. Ohun tó ń ba ọmọbìnrin jẹ́ ni Borokiri yìí, gbogbo wa mọ̀ ọ́n, kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Àìríṣe lẹ́yìn ilé ìwé ni, àti àwọn ọkùnrin tó mọ̀ pé kò ríṣe. Ọmọ tó ní pápá láti lọ ní agogo mẹ́rin, tí wọ́n ń retí rẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n máa bi í bí kò bá dé, ọmọ yẹn láàbò ju èyí tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà lọ.

Àwọn kan ní ẹ̀sìn ò gbà á. Láti 2014 ni òfin bọ́ọ̀lù ti fàyè gba híjáàbù lórí pápá. Ní ife àgbáyé 2023, Nouhaila Benzina ti Morocco wọ̀ ọ́, ó sì gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ òun bo orí àti ẹsẹ̀, kó bò ó. A ò bá a jà. Àmọ́ kó má fi aṣọ tó ṣeé wọ̀ ṣe àwáwí fún eré tí kò fẹ́.

Wọ́n ní ìwé ńkọ́? Ìbéèrè gidi nìyí, inú wa dùn pé wọ́n béèrè. Àwa náà ò fẹ́ kí ọmọ kankan torí bọ́ọ̀lù sá fún ìwé. Àmọ́ ẹ wo Michelle Alozie tó ń gbá ẹ̀yìn fún Super Falcons. Yunifásítì Yale ló ti jáde, ó sì ti bá wọn ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ nílé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Texas. Ìwé àti bọ́ọ̀lù kì í ṣe orogún. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ sọ fún ọmọ pé bí máàkì rẹ̀ bá wálẹ̀, kò ní lọ sí pápá lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ máa rí i bó ṣe máa kàwé!

Wọ́n ní owó ò sí níbẹ̀. Ibí yìí, a ò ní tan yín. Ní 2016, Super Falcons gba ife Áfíríkà ní Cameroon, wọ́n dé Abuja, wọ́n kọ̀ láti kúrò nínú hòtẹ́ẹ̀lì torí wọn ò san owó wọn, wọ́n sì jáde lọ fẹ̀hónú hàn. Ìtìjú gbáà ni. Àwọn ọkùnrin ń gba owó ju ti obìnrin lọ, kò tíì yí padà. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé gbogbo ohun tí ọmọ wa ọkùnrin ń ṣe lórí pápá lówó wà fún? Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ìparí ọdún wa, èwo nínú wọn ni Barcelona ti mú? A jẹ́ kí wọ́n gbá torí ó ń dùn mọ́ wọn, torí ó ń mú ara wọn le, torí à ń fẹ́ kí wọ́n mọ ara wọn. Kí ló dé tí ìdí wọ̀nyẹn ò tó fún ọmọbìnrin? Kí ló dé tó jẹ́ òun nìkan ló gbọ́dọ̀ mú owó wálé ká tó gbà kó ṣeré?

Ọ̀kan kù tí a fọwọ́ sí pátápátá. Ẹnì kan ní àwọn kóòṣì kan máa ń fi ọ̀nà bọ́ọ̀lù fa ọmọlọ́mọ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, kì í sì í ṣe Nàìjíríà nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ìdí rèé tí a fi ní kí àwa òbí wọ ọ̀rọ̀ náà, ká má sá fún un. Ọmọ tó ń yọ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù torí bàbá rẹ̀ á gé bọ́ọ̀tù rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án níbẹ̀, ṣé ilé ló máa wá sọ ọ́? Kò lè sọ ọ́! Ó ti purọ́ kó tó jáde. Ìfòfindè wa ló ń fún ọ̀bàyéjẹ́ ní kọ́kọ́rọ́. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ jókòó sétí pápá, ta ló máa dán irú rẹ̀ wò?

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀nà jíjìn kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní Kánádà, ẹ bi wọ́n léèrè họ́kì orí yìnyín, eré tí wọ́n ń fi bàtà onírin sá lórí omi tó dì. Eré ọkùnrin ni wọ́n kà á sí, torí ó le. Ọdún 1990 ni àjọ họ́kì àgbáyé ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ fáwọn obìnrin, ní Ottawa. Ọdún 1998 ló wọ Òlíḿpíìkì, ní Nagano ní Japan. Nígbà tó fi máa di oṣù Kìíní 2024, líìgì àwọn obìnrin tó ń jẹ́ PWHL ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ 6 ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, iṣẹ́ tí wọ́n ń gbowó lé lórí ni. Ara obìnrin ò yí padà láàárín 1990 sí 2024. Ààyè ni wọ́n fún wọn, àwọn ọmọ kéékèèké sì rí i pé ààyè wà.

Ẹ máa ní yìnyín ò sí ní Borokiri, àfi èyí tí wọ́n fi ń mú páàkì omi tutù nínú kúlà. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, ní Òlíḿpíìkì 2018 ní South Korea, Seun Adigun, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, òun àti obìnrin méjì mìíràn gbé àsíá Nàìjíríà wọ orí yìnyín, wọ́n wọkọ̀ yìnyín sáré. Kò sí ikọ̀ Áfíríkà kankan tó ti ṣe irú rẹ̀ rí nínú eré náà, ì báà jẹ́ ọkùnrin. Bí ọmọ wa bá lè rí ààyè lórí yìnyín, ṣé iyanrìn Sandfill ni kò ní gbà á?

Ká tó parí, ẹ jẹ́ kí àwa náà jẹ́wọ́ tiwa. Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín nípàdé, méjì péré nínú àwa méjìlá ló sọ̀rọ̀. Àwa tó kù wolẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ti na ọmọ rẹ̀ rí torí ó gun ìkòkò dà nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló gbá bọ́ọ̀lù náà sí i. Ìkòkò la bínú sí, ọmọbìnrin la nà. Torí náà, a ò dúró lókè ká máa nàka sí ẹnikẹ́ni. A ti jọ jẹ̀bi.

Ohun tí à ń béèrè ò pọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ fi eré ọmọbìnrin kan sínú ọdún wa ìparí ọdún yìí, kó jẹ́ pé pápá kan náà, bọ́ọ̀lù kan náà, rẹfirí kan náà ni, kó má jẹ́ àárọ̀ kùtù tí èèyàn ò tíì dé. Ìkejì, ẹ yọ díẹ̀ nínú owó olórin àti kánópì, ẹ fi ra jẹ́sì fún wọn. Ìkẹta, àwa ìyá máa pín ọjọ́ láàárín ara wa, ìyá méjì ló máa wà létí pápá nígbàkígbà tí wọ́n bá ń kọ́ṣẹ́, wọ́n á sì ti wálé kó tó di agogo mẹ́fà. Ìkẹrin, kí àgbà méjì nínú ẹgbẹ́ lọ bá bàbá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìsí ariwo. A mọ̀ ọ́n, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ̀rù ló bà á. Àwa méjìlá ti dá owó bọ́ọ̀tù tuntun, ó wà nílẹ̀. A ò fẹ́ fún ọmọ náà lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ la fẹ́ kó ti gbà á.

Ẹ̀yin bàbá wa, àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ wà lọ́jà. Orí ọmọ ń wọ́. Ẹ tún un ṣe.

Ẹni tó bá lòdì sí wa, kó kọ ọ́ síbí, a máa dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹni tó bá gbà pẹ̀lú wa, kó má kàn tẹ àtàǹpàkò sábẹ́ ìwé yìí kó sùn. Ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù ni ìpàdé, agogo mẹ́rin. Kó wá, kó sì mú ọmọ rẹ̀ obìnrin dání.